Orí Kẹrin: Bí A Ṣe Ń Bi Iye Léèrè Kí A Tó Fi Í Ṣe Ìpinnu

Fún oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún 2020, àjọ NBS, tó ń ṣàkójọ ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, kéde pé nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wáṣẹ́, bíi 33 ni kò ríṣẹ́ ṣe. Nígbà tó di oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, iye tí àjọ kan náà gbé jáde kò ju bíi 4 lọ. Àwọn kan gbọ́ ọ, wọ́n ní ìlú ti dẹ̀rọ̀. Àwọn mìíràn ní irọ́ ńlá ni. Tọ̀túntòsì ló ré ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ wò kọjá: kí ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́?

Ìdáhùn wà nínú ìwé tí àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé jáde. Ní ìlànà àtijọ́, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á kà á mọ́ àwọn tí kò ríṣẹ́. Ní ìlànà tuntun, tó bá ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ILO mu, ẹni tó bá fi wákàtí kan péré ṣe iṣẹ́ tó mówó wọlé láàárín ọjọ́ méje ti kúrò láàárín wọn. Ẹ wo obìnrin kan tó ń kiri ọsàn ní ọ̀sán Sátidé nìkan, nítorí pé owó ọjà rẹ̀ kò ká ọjọ́ mìíràn. Lábẹ́ ìlànà 2020, kò níṣẹ́. Lábẹ́ ìlànà 2023, òṣìṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọsàn orí àtẹ rẹ̀ kò pọ̀ sí i.

N kò dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bú àjọ náà. Ìlànà wákàtí kan yẹn wúlò, torí pé òun ló jẹ́ kí a lè fi Nàìjíríà wé Gánà tàbí Bẹ̀nẹ̀ lórí òṣùwọ̀n kan náà. Ìwé kan náà tó sì sọ pé àwọn tí kò ríṣẹ́ kò ju 4 lọ ló sọ fún wa pé nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́, ó ju 90 lọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ará ìlú ṣe ń rí oúnjẹ òòjọ́, iye kejì yìí ni kó dì mú. Iye kọ̀ọ̀kan jẹ́ èsì sí ìbéèrè kan. Tí a bá fi í dáhùn ìbéèrè mìíràn, á ṣì wá lọ́nà, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ há sórí nìyí: kí gan-an ni wọ́n kà?

Ẹ lò ó fún ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n ọjà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, NBS sọ pé iye owó ọjà fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún kan ṣáájú lọ. Ní oṣù Kìíní 2025, iye náà já sí 24.48. Lára ohun tó fà á ni pé wọ́n ti pa ọdún 2009 tí wọ́n fi ń díwọ̀n tì, wọ́n fi 2024 rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì tún ìwọ̀n àwọn ọjà tí wọ́n ń wò tò. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní wọn kò yí nǹkan kan padà, ohun mìíràn ṣì wà tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín oníròyìn àti ìyálọ́jà. Kí á ní kóńgò ẹ̀wà kan jẹ́ ₦2,000. Ó fi ìdá 34 gbówó lórí lọ́dún kan, ó di ₦2,680. Lọ́dún kejì, ọ̀wọ́n "lọ sílẹ̀" sí ìdá 24. Ẹ̀wà kò padà sí ₦2,000 o; ó gòkè sí bíi ₦3,323. Ohun tó dínkù ni eré tí owó ọjà ń sá. Ìyálọ́jà tó ní òun kò rí ìrọ̀rùn kankan kò parọ́, oníròyìn náà kò sì parọ́.

Ìpíndọ́gba pàápàá ń fẹ́ irú ojú yìí. Ilé iṣẹ́ kan ní òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án tó ń gba ₦50,000 lóṣù àti ọ̀gá kan tó ń gba ₦1,550,000. Bí ẹ bá ro owó wọn pọ̀, tí ẹ sì pín in sí mẹ́wàá, ₦200,000 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹnì kan níbẹ̀ tó ń gba iye yẹn. Bí wọ́n bá pè yín síbi iṣẹ́, tí wọ́n ní "ìpíndọ́gba owó oṣù wa dára," ẹ ní kí wọ́n to owó gbogbo òṣìṣẹ́ láti èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, kí wọ́n sọ èyí tó bọ́ sí àárín gbùngbùn. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ohun tó ń bọ̀ wá sápò yín.

Ta ni wọ́n bi?

Lọ́dún 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà fi káàdì ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn tó tó mílíọ̀nù mẹ́wàá láti bi wọ́n léèrè ẹni tí wọn yóò dìbò yàn sípò ààrẹ. Káàdì tó ju mílíọ̀nù méjì lọ padà wá. Wọ́n kà á tán, wọ́n kéde pé Alf Landon ni yóò na Franklin Roosevelt. Nígbà tí ìdìbò dé, Roosevelt gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. George Gallup, tó ń ṣe irú ìwádìí yìí kan náà, tí kò sì bi ju bíi 50,000 ènìyàn lọ, ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé Roosevelt ni yóò wọlé.

Inú ìwé orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àti àwọn tó forúkọ mọ́tò sílẹ̀ ni ìwé ìròyìn náà ti ṣa púpọ̀ nínú àwọn tó kọ̀wé sí. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà; ẹni tó ní mọ́tò àti tẹlifóònù kì í ṣe mẹ̀kúnnù, àwọn mẹ̀kúnnù ló sì fẹ́ràn Roosevelt jù. Ẹ tún wo èyí: nínú ẹni mẹ́rin tí wọ́n kọ̀wé sí, bíi mẹ́ta ni kò fèsì. Ẹni tó jókòó, tó kọ èsì, tó fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà ká a lára ju ẹni tó ju káàdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ.

Ẹni tó fẹ́ ra odidi àpò gàárì kì í tọ́ ti ẹnu àpò wò nìkan. Á ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, á bù láti ẹ̀gbẹ́, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá tilẹ̀ bu kóńgò mẹ́wàá lẹ́nu àpò, ẹnu àpò náà lòun rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwádìí. Ìbò tí wọ́n dì lójú ewé Facebook ẹnì kan, ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn ì báà tẹ̀ ẹ́, èrò àwọn tó ń tẹ̀ lé ẹni náà ló sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣẹ́ kèké yan 1,000 ènìyàn láàárín gbogbo ìlú, tó jẹ́ pé olówó àti tálákà, ará oko àti ará ìgboro, kò sí ẹni tí kèké náà kò lè mú, èsì wọn kì í sábà jìnnà ju 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí ohun tí gbogbo ìlú ń rò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìyàtọ̀ bóyá ìlú náà jẹ́ mílíọ̀nù kan tàbí igba mílíọ̀nù. Ẹni tó bá sì fẹ́ dín àlàfo yẹn kù sí ìdajì, àfi kó bi ènìyàn 4,000, ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ìwádìí tó dára fi ń gbówó lórí, tí ti ọ̀fẹ́ sì fi pọ̀ nígboro.

Ìbejì Ìgbó-Ọrà

Ẹ jẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ilé wa, nítorí kò sí ibi tí ẹ ti lè rí iṣẹ́ ìmọ̀ yìí kedere tó bẹ́ẹ̀.

Patrick Nylander, oníṣègùn àwọn aláboyún tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ka ìbí àwọn obìnrin ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, títí kan Ìgbó-Ọrà ní Ìbàràpá, ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Ó rí i pé nínú ẹgbẹ̀rún ìbí, bíi 45 ló jẹ́ ìbejì. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà, bíi 12 ni. Ìyàtọ̀ yìí pọ̀ gan-an, ó sì ti mú kí àwọn oníròyìn àgbáyé máa wọ́ lọ sí Ìgbó-Ọrà di òní.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ kíyè sí ni ohun tí Nylander kà: ìbí. Kò ka àwọn ìbejì tó pàdé lọ́jà. Láti ọdún 2018 ni Ìgbó-Ọrà ti ń ṣe ọdún ìbejì, àwọn ìbejì sì máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹni tó bá lọ ka ìbejì lọ́jọ́ ọdún náà yóò gbé iye tó yani lẹ́nu bọ̀, kò sì ní lè fi í sọ ohunkóhun nípa bí àwọn obìnrin ìlú náà ṣe ń bímọ. Ìwé ìgbẹ̀bí ni ojúlówó ẹ̀rí, ìwé tí wọ́n kọ oyún kan ṣoṣo sí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ti ìbejì sí i. Ẹ sì ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n fi pín in. Ìbejì 45 nínú ẹgbẹ̀rún ìbí túmọ̀ sí ọmọ 90 nínú ọmọ 1,045: nínú ọmọ bíi méjìlá tí wọ́n bí, ọ̀kan jẹ́ Táíwò tàbí Kẹ́hìndé.

Ohun kejì ni iye kékeré. Kí á ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ń gbẹ̀bí obìnrin 20 lóṣù. Ní ìwọ̀n 45 nínú ẹgbẹ̀rún, ìbejì bíi ẹyọ kan ló yẹ kó máa rí lóṣù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, nínú oṣù mẹ́wàá, bíi mẹ́rin yóò kọjá láìsí ìbejì rárá, tó bá sì tó bíi oṣù 17, oṣù kan á wà tí ìbejì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò dé. Bó bá bọ́ sí oṣù tí wọ́n gbẹ́ kànga tuntun, ìlú á ní omi kànga ni. Bó bá bọ́ sí oṣù tí agbẹ̀bí tuntun dé, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ ló dára. Iye kékeré máa ń fò sókè, á tún jábọ́, láìsí ìdí kankan ju pé ó kéré. Ẹ rántí èyí nígbà tí wọ́n bá fi iléèwé tó ní ọmọ mẹ́wàá tó yege nínú mẹ́wàá wé èyí tó ní 180 nínú 200.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Àwọn ará Ìgbó-Ọrà ní ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà ló ń fa ìbejì. Ṣé òótọ́ ni? Bí gbogbo ìlú bá ń jẹ ìlasa, ìlasa kò lè sọ ìdí tí obìnrin kan fi bí ìbejì tí aládùúgbò rẹ̀ sì bí ọmọ kan. Ohun tí a nílò ni ìfiwéra. Olùṣèwádìí lè wá igba ìyá tó bí ìbejì àti igba ìyá tó bí ọmọ kan ṣoṣo ní ilé ìgbẹ̀bí kan náà, lọ́dún kan náà, kó sì bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń jẹ ìlasa sí. Ó dà bí ẹni pé ó ti parí, ṣùgbọ́n kò tíì parí. Ìyá ìbejì ní Ìgbó-Ọrà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlasa láìmọye ìgbà. Bí wọ́n bá bi í, gbogbo ìlasa tó ti jẹ rí ni yóò rántí. Ìyá ọlọ́mọ kan kò nídìí tó fi máa rántí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn jù kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ aláboyún lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá forúkọ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mọ iye ọmọ tó wà nínú rẹ̀, kí ìbéèrè náà sì dá lórí ohun tó ń jẹ kí oyún tó dúró. Ọjọ́ tí ẹyin méjì bá já lọ́jọ́ kan náà, tí méjèèjì sì di oyún, ni ọ̀rọ̀ irú ìbejì yìí ti parí. Ohun tó jẹ lẹ́yìn náà kò lè sọ oyún kan di méjì.

Kódà bí àwọn tó ń jẹ ìlasa bá ń bí ìbejì jù, ó lè jẹ́ pé àwọn tó ń jẹ ẹ́ jù ni àwọn àgbà obìnrin tó ti bímọ púpọ̀. Àwọn olùṣèwádìí ti rí i pé ọjọ́ orí ìyá àti iye oyún tó ti ní tẹ́lẹ̀ ń mú ìbejì pọ̀ sí i, ó sì máa ń rìn láàárín ẹbí. Nylander tún rí i pé ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹyin obìnrin gbó, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní FSH, pọ̀ lára àwọn obìnrin tó bí ìbejì ju àwọn tí kò bí i lọ. Ẹ̀rí kan sì tún wà tó lágbára: ìbejì tó jọra bí ìmumu, tó ti ara ẹyin kan ṣoṣo wá, kò pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá ju ibòmíràn lọ, bíi 4 nínú ẹgbẹ̀rún ni níbi gbogbo láyé. Ìbejì ẹlẹ́yin méjì nìkan ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìdájọ́ tèmi ni pé àbá ni ọ̀rọ̀ ìlasa ṣì jẹ́, kò tíì di ẹ̀rí, kò sì sí obìnrin tó yẹ kó fi owó ra àgúnmu ìlasa tí wọ́n ń polówó fún un nítorí ọmọ.

Bí ẹ bá bi mí pé báwo ni a ṣe ń mọ okùnfà nígbà náà, kèké ni. Lọ́dún 1954, nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára Jonas Salk ń dènà àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, wọ́n mú àwọn ọmọ iléèwé bíi 400,000 ní Amẹ́ríkà tí òbí wọn ti fọwọ́ sí i, wọ́n fi kèké pín wọn sí méjì. Ìdajì gba àjẹsára, ìdajì gba omi tí kò ní oògùn nínú. Ọmọ kò mọ èyí tó gbà, òbí kò mọ̀, dókítà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò mọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ọmọ tó gba àjẹsára, 28 ni àrùn náà mú. Nínú iye kan náà tó gba omi, 71 ni.

Iye kẹta nínú ìwádìí yẹn ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Àwọn ọmọ tí òbí wọn kò fọwọ́ sí i, tí wọn kò gba nǹkan kan, 46 ni àrùn mú nínú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn tí kò gba nǹkan kan sàn ju àwọn tó gba omi lásán lọ. Omi kọ́ ló ṣe wọ́n ní ibi. Àwọn òbí tó rí jájẹ ló fọwọ́ sí i jù. Ọmọ tálákà, tí ilé wọn kún, tí àyíká wọn kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀, máa ń pàdé kòkòrò náà ní kékeré jòjòló, nígbà tí ààbò tó gbà láti ara ìyá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀; ọmọ olówó kì í pàdé rẹ̀ títí yóò fi dàgbà díẹ̀, àrùn náà sì máa ń le sí i lára. Bí wọ́n bá ti fi àwọn tó gba abẹ́rẹ́ wé àwọn tó kọ̀ ọ́, agbára àjẹsára náà ì bá dà bí ohun tó kéré ju bó ṣe rí lọ. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé "gbogbo àwọn tó mu oògùn mi ló gbádùn," ẹ bi í léèrè irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí irú wọn tí kò mu ún.

Ọmọ kẹrin

Lójú tèmi, ìpinnu tó wúwo jù tí ìmọ̀ yìí ń bá wa ṣe ni ti jẹ́nótáìpù kí ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin tó fẹ́ra. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, bíi ẹnì kan jẹ́ AS. Ara rẹ̀ le, kò sì lè mọ̀ àfi bó bá ṣe àyẹ̀wò. Bí AS bá fẹ́ AS, ọ̀nà mẹ́rin ni oyún kọ̀ọ̀kan lè gbà yọrí: ọ̀kan AA, méjì AS, ọ̀kan SS, ìyẹn fòní-kú-fọ̀la-dìde.

Àwọn kan gbọ́ "ọ̀kan nínú mẹ́rin," wọ́n rò pé bí àwọn bá bí mẹ́rin, ẹnì kan péré ni yóò ṣàìsàn. Àwọn mìíràn bí àkọ́bí tó jẹ́ SS, wọ́n ní àwọn ti san gbèsè, mẹ́ta tó kù yóò yè. Òmíràn bí mẹ́ta tí ara wọn dá ṣáṣá, ẹ̀rù kẹrin wá ń bà á. Oyún kẹrin kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ni tirẹ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́bí.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Pé kí ọmọ kan má jẹ́ SS, mẹ́ta nínú mẹ́rin ni. Fún ọmọ mẹ́rin, ẹ fi mẹ́ta sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lọ́nà mẹ́rin (3 × 3 × 3 × 3), ó di 81; ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́rin, ó di 256. 81 nínú 256 jẹ́ bíi 32 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, bí ọgọ́rùn-ún tọkọtaya AS àti AS bá bí ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, bíi 32 nínú wọn kò ní ní ọmọ SS kankan, bíi 42 yóò ní ẹyọ kan, bíi 26 yóò ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye 26 yìí ni wọn kì í sábà sọ fún àwọn àfẹ́sọ́nà, òun ló sì yẹ kí wọ́n gbé síwájú wọn. Iye kò lè pàṣẹ fún ẹni méjì pé kí wọ́n fẹ́ra tàbí kí wọ́n má fẹ́ra. Ohun tó lè ṣe ni kó jẹ́ kí wọ́n mọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó kí wọ́n tó gbé e.

Nípa àyẹ̀wò fúnra rẹ̀, ilé àyẹ̀wò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ lọ. Bí ẹ bá padà sí ilé àyẹ̀wò kan náà, ohun tó bá ṣì wọ́n lọ́nà lẹ́ẹ̀kíní lè ṣì wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ẹlẹ́rìí kan náà ni ẹ bi lẹ́ẹ̀mejì. Bí èsì méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ wá ẹlẹ́rìí kẹta.

Àṣìṣe ọmọ kẹrin yìí náà ló ń jẹ owó àwọn ọmọ wa nídìí tẹ́tẹ́. Nínú tẹ́tẹ́ tí wọ́n ti ń fa nọ́ńbà márùn-ún jáde nínú 90, ẹ ó rí àwọn tó kó ìwé èsì ọdún tó kọjá jọ, tí wọ́n ń wá nọ́ńbà tó "ti pẹ́ tí kò jáde." Nọ́ńbà náà kò mọ̀ pé òun ti pẹ́. Pé kí nọ́ńbà méjì tí ẹ mú jáde pọ̀, bíi ẹ̀ẹ̀kan nínú 400 ni. Bí ilé tẹ́tẹ́ bá ń san ìlọ́po 240, ẹni tó bá ta ₦100 nígbà 400 ti ná ₦40,000, yóò sì jẹ bíi ẹ̀ẹ̀kan, ₦24,000. ₦16,000 ti lọ, ọgbọ́n kankan lórí ìwé èsì kò sì lè dá a padà.

Ìwé àkọsílẹ̀ tiyín

Ẹ kò nílò kọ̀ǹpútà láti ṣe ìwádìí tiyín. Àgbẹ̀ tó fẹ́ dán irúgbìn àgbàdo tuntun wò sábà máa ń gbìn ín sí ibi tí ilẹ̀ ti dára, nítorí ó ra á ní ọ̀wọ́n, á wá gbin ti àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Bí tuntun bá ṣe dáadáa, ta ló ṣe é, irúgbìn ni àbí ilẹ̀? Kó mú poro 20 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó pín wọn ní méjì méjì. Nínú méjì kọ̀ọ̀kan, kó ju owó onírin sókè láti mọ èyí tí yóò gba irúgbìn tuntun. Ajílẹ̀ kan náà, ọjọ́ ìroko kan náà. Nígbà ìkórè, kó wọn ti poro kọ̀ọ̀kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí irúgbìn tuntun bá borí ní mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá nínú ìpín mẹ́wàá náà, kó gbà á gbọ́: bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn, bíi ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún ni irú èyí lè ṣèèṣì ṣẹlẹ̀. Bó bá borí ní méje péré, kó dúró di òjò tó ń bọ̀. Èèṣì nìkan lè gbé e dé méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní bíi ìgbà 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú ọ̀nà yìí ni Ronald Fisher là sílẹ̀ ní oko ìwádìí Rothamsted nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1919.

Fún ọlọ́jà, òfin kan ṣoṣo ló ṣe pàtàkì jù: ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kò tà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìrántí máa ń tọ́jú ọjọ́ tí ọjà yá, á sì pa ọjọ́ tí a jókòó ṣú rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣíṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú lérè, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó fi dán an wò àti èrè tí ẹ ó kà sí pé ó tó. Ẹni tó bá ń dúró dìgbà tí èsì bá dùn mọ́ ọn kó tó dẹ́kun ìkàye, èsì tó dùn ni yóò rí dandan.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ọ̀pọ̀ "nínú ẹgbẹ̀rún" tí ìjọba fi ń ṣètò ìlú, iye ènìyàn ni wọ́n fi ń pín in. Ìgbà tí Nàìjíríà ka ènìyàn kẹ́yìn ni ọdún 2006, tí wọ́n rí 140,431,790. Nínú ìkànìyàn náà, àjọ ìkànìyàn ní ènìyàn Èkó jẹ́ 9,113,605. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀, ó ní 17,552,940. Èyí tó yẹ kí wọ́n ṣe lọ́dún 2023, wọ́n sún un síwájú. Nítorí náà, ìfojúdíwọ̀n ni a fi ń pín abẹ́rẹ́ àjẹsára, yàrá ìkàwé àti ilé ìwòsàn. Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àwọn akànìyàn bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fúnra yín ni kí ẹ ka àwọn ọmọ yín fún wọn: ọmọ ọwọ́, ọmọ ọ̀dọ̀, ìyá àgbà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹ má fi ẹnì kan sílẹ̀, ẹ má sì fi ẹni tí kò sùn nílé yín kún un.